Ẹ̀jẹ̀ kò tó, níbo ló gbà lọ? Àlàyé lórí àìtó èròjà irin nínú ara

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, bóyá ni ọjọ́ ìtọ́jú aláboyún kan ń kọjá kí gbólóhùn yìí má jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì: "Ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ yín kò tó o." Kí obìnrin náà tó délé, ìmọ̀ràn á ti ṣáájú rẹ̀ dé orí fóònù. Ẹnìkan á ní kó máa po málítì mọ́ mílíìkì. Ẹlòmíràn á ní kó gún ewé ùgwú, kó fún omi rẹ̀ mu. Ẹnìkẹta á kìlọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún máa ń sọ ọmọ inú di ńlá jù, pé iṣẹ́ abẹ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn oníhóró kan rọ́pò hóró méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ìdàrúdàpọ̀ náà ti pọ̀ sí i. Àlàyé yìí wà láti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ohun tó yí padà, ohun tí "ẹ̀jẹ̀ kò tó" túmọ̀ sí gan-an, ohun tó ń fà á, àti ibi tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò.

Kí ló yí padà nínú oògùn aláboyún?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, hóró méjì ni aláboyún ń gbà lọ sílé ní Nàìjíríà. Ọ̀kan jẹ́ èròjà irin, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní áyọ́ọ̀nù; èkejì ni hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí ń jẹ́ folic acid, oríṣi fítámì B kan. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ni pé kí aláboyún máa lo irin tó jẹ́ miligíráàmù 30 sí 60 lójoojúmọ́, pẹ̀lú folic acid miligíráàmù 0.4. Oògùn tuntun náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní MMS, kó èròjà 15 pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo: irin àti folic acid wà níbẹ̀, síńkì àti áyódíìnì wà níbẹ̀, oríṣiríṣi fítámì sì wà níbẹ̀. Ní 2020, WHO gbà kí àwọn orílẹ̀-èdè lò ó níbi tí ìwádìí bá ti ń bá a rìn. Ní 2021, ó wọ inú ìwé tí àjọ náà ń to àwọn oògùn kòṣeémánìí sí. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti pinnu láti máa yí sí i díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùwádìí fi oògùn méjèèjì wé ara wọn, wọ́n rí i pé iye ọmọ tí a bí ní kékeré jù dín kù láàárín àwọn ìyá tó lo MMS, nígbà tí ipa méjèèjì lórí àìtó ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bóyá ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù "ọmọ ńlá" ti rú jáde, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ìwọ̀n tó yẹ ọmọ tuntun kì í ṣe ọmọ tó tóbi jù. Ohun tó sábà máa ń mú kí ọmọ inú tóbi jù ni ìtọ̀ ṣúgà nínú oyún àti ìsanrajù ìyá, kì í ṣe hóró irin.

Ṣé "ẹ̀jẹ̀ kò tó" àti "irin kò tó" jẹ́ ohun kan náà?

Rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa ni hemoglobin, òun ló sì ń gbé atẹ́gùn tí a bá mí sínú láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Irin ló wà ní àárín rẹ̀ gan-an. Láìsí irin, kò lè di atẹ́gùn mú. Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, ìwọ̀n ìṣó kékeré kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Bó bá gbó, ara á tú u palẹ̀, á sì tún irin inú rẹ̀ lò. Ara kì í fi irin ṣòfò. Nítorí náà, bí irin bá tán lára ẹnìkan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tó gbà jáde, tàbí ohun tó mú kí ara máa béèrè ju èyí tó ń wọlé lọ.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sínú káàdì ní ilé ìwòsàn wa ni PCV, ìyẹn iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ tí a bá pín sí ọ̀nà 100. Bí ti aláboyún bá wà nísàlẹ̀ 33, ìlànà àgbáyé kà á sí àìtó ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 30 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà fi ṣe ààlà. Èyí ló fà á tí obìnrin tí PCV rẹ̀ jẹ́ 31 fi lè gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ yín tó" níbì kan, kó sì gbọ́ "kò tó" níbòmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ó bá jẹ́ hemoglobin ni wọ́n wọ̀n, ààlà rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 11 nínú désílítà kan fún aláboyún, 12 fún obìnrin tí kò lóyún, àti 13 fún ọkùnrin. Ní 2024, WHO sọ ààlà náà di 10.5 fún oṣù mẹ́ta àárín oyún, nítorí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ní àkókò yẹn.

PCV ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti lọlẹ̀. Kì í sọ ohun tó fà á. Ibà lè fà á, àìtó folic acid lè fà á, àìsàn kíndìnrín lè fà á. Fòníkú-fọ̀ladìde náà ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n àbímọ́ ni ìyẹn, oògùn irin kì í wò ó. Ẹni tó ní in, pàápàá tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́pọ̀ ìgbà, lè ní irin tó pọ̀ jù nínú ara. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ó máa ra oògùn irin mu láìjẹ́ pé dókítà wọ̀n ọ́n kó tó kọ ọ́ fún un.

Ní òdìkejì, irin lè ti dín kù kí PCV tó sọ nǹkankan. Àká àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jọ: inú àká ló kọ́kọ́ ń ṣófo, ìkòkò ilé ìdáná ṣì ń hó. Àyẹ̀wò tó ń yẹ àká yìí wò ni wọ́n ń pè ní ferritin. Bó bá wà nísàlẹ̀ máíkírógíráàmù 15 nínú lítà kan fún àgbàlagbà, tàbí 12 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àká ti ṣófo nìyẹn. Wàhálà rẹ̀ ni pé ibà àti àrùn mìíràn máa ń gbé e sókè, kó lè dà bí ẹni pé irin wà nígbà tí kò sí.

Níbo ni irin ń gbà lọ?

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lórí ìlera ní 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 6 sí 59, 68 ni. Kì í ṣe àìtó irin ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun wà lára àwọn tó ń ṣáájú.

Fún obìnrin, nǹkan oṣù ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ní ìju nínú ilé ọmọ lè máa ya ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lóṣooṣù, kó sì kà á sí àdámọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá rẹ̀ ṣe rí. Oyún kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máa ń gba nǹkan bí gíráàmù irin kan, èyí tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà. Bí oyún mìíràn bá wọlé kí ara tó rí èyí dá padà, àká tó ti ṣófo ni ọmọ tuntun yóò máa bù nínú rẹ̀.

Ti ọkùnrin yàtọ̀, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé wọn kì í sábà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù, kì í lóyún. Bí irin bá tán lára ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ máa jò níbì kan nínú ìfun: ọgbẹ́ inú, ọgbẹ́ tí oògùn ara ríro tí a ń mu lójoojúmọ́ dá sílẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí àrùn jẹjẹrẹ ìfun. Ní àwọn gáréèjì wa, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kì í wọ́n láàárọ̀. Ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tó sì ń fi ìyẹn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ọdún kan, ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì tún ń pàdánù àkókò tí ìwòsàn fi rọrùn.

Àwọn aràn kan wà tí wọ́n ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn láì wọ bàtà wọ ara, tí wọ́n sì ń fẹnu mọ́ ìfun tí wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni ọ̀kan ń mu, ṣùgbọ́n wọn kì í dá wà. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí àwọn ọmọ ń kó nínú odò náà ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ibà ń ṣe ìpalára lọ́nà méjì: ó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, ó sì ń mú kí ara ti ilẹ̀kùn tí irin ń gbà wọlé láti inú oúnjẹ. Ohun tó ń ti ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ń pè ní hepcidin, a ó sì tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Kí ni àìtó irin ń ṣe sí ara?

Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń lọlẹ̀, ó máa ń mọ́ ara lára, ènìyàn á sì pe àìsàn ní iṣẹ́ àṣejù. Obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó á rí i pé òun kò lè yan iye tí òun ń yàn tẹ́lẹ̀. Àyà á máa já a, mímí á máa há bó bá gun òkè díẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, abẹ́ ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun. Àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí àìsàn: kí ọkàn ènìyàn máa fà sí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Obìnrin á máa jẹ ẹfun, á máa rún ìrẹsì àìsè tàbí yìnyín lẹ́nu lọ́sàn-án lóru, wọ́n á ní oyún ló ń béèrè rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àìtó irin ló wà ńdìí rẹ̀. Ẹfun àti amọ̀ sì tún máa ń di irin inú oúnjẹ mú kó má lè wọ ara, tó fi jẹ́ pé ohun tí àìsàn náà ń béèrè ni ohun tó ń bọ́ ọ.

Fún aláboyún, ewu náà tóbi ju àárẹ̀ lọ. Ọmọ lè wá kí oṣù tó pé, tàbí kó wá ní kékeré. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ara ìyá tó lẹ́jẹ̀ dáadáa lè fara dà lè gba ẹ̀mí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn abiyamọ ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé bí hemoglobin obìnrin ṣe lọlẹ̀ tó ni ewu pé ẹ̀jẹ̀ yóò ya jù lẹ́yìn ìbímọ ṣe ń ga tó. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti pàdánù, òun náà ló sì ṣeé ṣe jù kí ó pàdánù púpọ̀. Ohun tó yẹ kí ọkọ, ìyá ọkọ àti agbẹ̀bí mọ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó dé nìyí.

Fún ọmọ kékeré, ọpọlọ ni a ń bẹ̀rù fún. Láàárín oṣù 6 sí ọdún 2, ọpọlọ ń dàgbà kíákíá, irin sì wà lára ohun tó fi ń dàgbà. Ọmọ tí irin kò tó lára rẹ̀ ní àkókò yìí lè pẹ́ kí ó tó rìn tàbí sọ̀rọ̀, ipa rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ sì lè wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti padà. Ọmọ ń gbé irin wáyé láti inú ìyá, èyí tó lè tó o lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. WHO dámọ̀ràn pé kí agbẹ̀bí dúró ìṣẹ́jú 1 sí 3 kó tó dè, kó sì gé ìwọ́ ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ inú ibi lè ṣàn sára rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ṣé málítì àti mílíìkì ń dá ẹ̀jẹ̀ padà?

Ṣúgà inú málítì ń fún ènìyàn lókun fún wákàtí díẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kó dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ti padà. Irin inú mílíìkì kéré gan-an, káṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì ń dí irin oúnjẹ mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi mílíìkì gbé oògùn irin mì ń fi ọwọ́ kan fún ara, ó ń fi èkejì gbà á padà.

Oríṣi méjì ni irin inú oúnjẹ. Èyí tó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja máa ń wọ ara dáadáa, láti ìdá 15 dé 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wà nínú ewé, ẹ̀wà àti ọkà kì í tó bẹ́ẹ̀, láti ìdá 2 dé 20, ohun tí a bá jẹ pọ̀ mọ́ ọn ló sì ń pinnu iye rẹ̀. Fítámì C ń ràn án lọ́wọ́. Tíì àti kọfí ń dè é mọ́lẹ̀. Oje tó ń fún ènìyàn lẹ́nu nínú tíì wà nínú obì pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwa tí a wà ní ilẹ̀ obì ní Rẹ́mọ fi sọ́kàn, kí obì jìnnà sí oúnjẹ díẹ̀.

Ùgwú ní irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi ife omi ewé kan rọ́pò oògùn fún ẹni tí PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Ẹ̀fọ́ tí a sè pẹ̀lú ẹja, tí a sì jẹ ọsàn lé, ṣe ara láǹfààní ju omi ewé tí a mu pẹ̀lú mílíìkì lọ. Ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: ewùrà fúnra rẹ̀ kò ní irin púpọ̀, ẹja àti edé tí a sè mọ́ ọn ni agbára rẹ̀. Bí owó bá wọ́n tí a wá ń sè é láì fi ẹja sí i, orúkọ oúnjẹ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ti yí padà. Gàrí náà nìyẹn: gàrí Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù àti ṣúgà mu ń pa ebi, irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ̀wà tàbí ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń mú ìyàtọ̀ wá. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ ògì funfun nìkan ni wọ́n ń fún un, wà nínú ewu kan náà. Ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná tàbí ẹ̀dọ̀ tí a rún dáadáa lè wọ inú ògì rẹ̀. Ẹran tí a jẹ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá dára, ṣùgbọ́n kò lè kún àká fún oṣù mẹ́fà.

Àgbo ńkọ́?

Pòròpòrò ọkà bàbà ni àwọn lékuléja sábà máa ń tà fún àìtó ẹ̀jẹ̀. Irin wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó gbà á gbọ́ ń sọ pé àwọn ìyá wa lò ó. Àwọn dókítà ń sọ pé kò sí ẹni tó mọ iye irin tó wà nínú ife kan, àti pé aláboyún tó ń dúró de àgbo lè pẹ́ jù. Ohun kan dájú: àwọ̀ pupa kọ́ ni irin. Omi pòròpòrò pupa, zobo pupa, ṣùgbọ́n pípupa wọn kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀.

Lórí kí ni ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò?

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Irin miligíráàmù 30 ló wà nínú MMS, bẹ́ẹ̀ WHO fúnra rẹ̀ sọ pé 60 ló dára jù níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti mú aláboyún 40 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Nàìjíríà sì wà lára irú ibẹ̀. Àwọn kan ní 30 kéré fún wa. Àwọn mìíràn dáhùn pé nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra, àìtó ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára páálí da ọ̀rọ̀ yìí rú: ferrous sulphate 200 kì í ṣe irin 200, nǹkan bí miligíráàmù 65 ni irin tó wà nínú rẹ̀, ohun tó kù jẹ́ èyí tó so mọ́ irin náà.

Èkejì ni iye ìgbà. Àwọn olùwádìí ní Switzerland gbé àbájáde kan jáde ní 2017 pé bí ènìyàn bá lo irin lónìí, hepcidin á ga títí di ọ̀la, á sì dín irin ọjọ́ kejì kù. Láàárín àwọn obìnrin tó lò ó ní ọjọ́ kan, tí wọ́n fo ọjọ́ kan, ìdá tó wọ ara nínú hóró kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù. Àwọn dókítà kan ti ń tẹ̀ lé èyí fún àwọn tí kò lóyún. Fún aláboyún, ojoojúmọ́ ṣì ni ìlànà.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ní erékùṣù Pemba ní Tanzania, ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2006 rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní irin pẹ̀lú folic acid níbi tí ibà ti pọ̀ ṣàìsàn líle, wọ́n sì kú, ju àwọn tí a kò fún lọ. Láti ìgbà náà, ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ni pé níbi tí ibà bá wà, irin àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ dá rìn: nẹ́ẹ̀tì, àyẹ̀wò ibà àti ìtọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àwọn ìwádìí mìíràn fi hàn pé níbi tí ìtọ́jú ibà bá ti wà, ewu náà kò hàn.

Ẹ̀kẹrin ni irin tí a ń fà sínú iṣan. Ní 2024, àbájáde ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bosede Afolabi ti Yunifásítì Èkó léwájú rẹ̀ jáde. Ó kó aláboyún 1,056 pọ̀ ní Èkó àti Kano, wọ́n fa irin sí iṣan àwọn kan, wọ́n fún àwọn tó kù ní hóró. Nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 36, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó kò yàtọ̀ lọ títí, ṣùgbọ́n àká irin àwọn tí a fà á sí lára kún ju ti àwọn tó kù lọ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń wo ìyá tí hóró kò bá lára mu. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ń wo owó rẹ̀.

Kí nìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń dá oògùn náà dúró, báwo ló sì ṣe yẹ kó pẹ́ tó?

Ìgbẹ́ á dúdú, inú lè há, èébì lè máa gbé ènìyàn. Ìgbẹ́ dúdú kì í ṣe ewu. Irin tí kò wọ ara ló ń jáde. Bí èébì bá pọ̀, a lè lò ó lẹ́yìn oúnjẹ tàbí lálẹ́. Hóró náà pupa, ó sì dùn lẹ́nu bí súwíìtì, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ọmọ kékeré, nítorí náà orí àjà ni ibùgbé rẹ̀.

Bí àìtó irin bá ni ìṣòro náà lóòótọ́, tí ènìyàn sì ń lo oògùn déédéé, hemoglobin yẹ kó ti gòkè ní nǹkan bí gíráàmù 1 sí 2 láàárín oṣù kan. Ọ̀pọ̀ á dúró níbẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Ìkòkò ló kún, àká ṣì ṣófo, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí i lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti tó. Bí oṣù kan bá sì kọjá, tí a ń lò ó bó ṣe yẹ, tí PCV kò mì, kì í ṣe àkókò láti fi tọ́níìkì mìíràn kún un. Dókítà á wá béèrè irú ẹ̀jẹ̀ (jẹ́nótáìpù) tí ènìyàn jẹ́, á yẹ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wò, á bi obìnrin ní iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń gbà àti iye ìgbà tó ń pààrọ̀ páàdì, á sì bi ọkùnrin bóyá ó ti rí ẹ̀jẹ̀ rí níbi tí kò yẹ kó ti rí i.